Àwòrán Màmá Ọ̀kà Lórí Ìkànnì Rẹ

Ìkàrẹ́ Àkókó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Mọ́ríámọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara mi le, àyàfi orúnkún tó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn gígùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ní àkọ́kọ́, inú mi dùn nítorí pé inú tìrẹ dùn. Ìgbà kejì ni mo tó gbọ́ ohun tí ò ń sọ. N kò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, torí ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí ẹ bá ń ro ọkà lọ́wọ́ ni ẹ máa ń gbọ́ ohùn àgbà. Lẹ́tà ni mo kọ, kí o lè jókòó kà á. Awakọ̀ kan tó ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni yóò mú un wá fún ọ.

Ilé mi kò jìnnà sí ilé ọkọ rẹ. Kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù, mo ti lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹsẹ̀ ara mi wá, ìyá ọkọ rẹ yóò rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bá ọ bẹ̀, yóò sì torí tèmi dárí jì ọ́. Ìyẹn kò ní ṣe ọ́ láǹfààní kankan.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè tún mi ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í. Ọdún kejì rèé tí a gbé ọ níyàwó lọ sí Ọ̀kà. Ìyá ọkọ rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọ̀kà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń hun kíjìpá àti ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. O rí i pé ọwọ́ wọn dára, o sì rí i pé aṣọ wọn kò tà bíi ti àtijọ́ mọ́. O fi iṣẹ́ Àkúrẹ́ sílẹ̀, o ṣí ìkànnì kan fún wọn lórí ayélujára. Odindi oṣù mẹ́rin, àwa tí à ń wọ ìkànnì náà kò ju ìwọ, ọkọ rẹ àti èmi lọ. Ìgbà náà ni o ní kí Màmá Ọ̀kà wọ ìborí funfun rẹ̀, o yà á ní fọ́tò. Ó rò pé èyí tí ẹ ó gbé kọ́ pálọ̀ ni. O fi férémù dúdú yí i ká, o fi òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, o kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sísàlẹ̀, o sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. O gbé e síwájú ìkànnì, o sì pín in sí gbogbo gúrúùpù tí àwọn ọmọ Ọ̀kà wà, nílé lóko.

Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ́ ọ ní fọ́tò yíyà? Èmi ni. Ibo lo ti wá ń rí férémù dúdú olódòdó pẹ̀lú orúkọ àgbà àti ọjọ́ orí rẹ̀? Lára ògiri ni, lára òpó iná, nígbà tí ẹnìkan bá kú. Kò sí ọmọ Àkókó tí yóò rí i tí yóò rò ó sí nǹkan mìíràn.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ń pe ọkọ rẹ níbi iṣẹ́ láti bá a kẹ́dùn. Àbúrò Màmá Ọ̀kà gun ọ̀kadà wá láti Ìpẹ̀ kí wọ́n má bàa sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó tó dé. Ẹkún ló ń sun wọ ẹnu ọ̀nà, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí òfì. O ní Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èmi rèé n’ulé mi, uṣẹ́ mi ni mo ń ṣe. Ta ló pa mí?” O sọ fún mi pé ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ohun tí o sọ tẹ̀ lé e, tí o yára sọ kọjá, ni pé ó dìde nídìí òfì nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi fọ́tò náà hàn án, kò sì tíì padà jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì náà ti káwọ́ lẹ́rán, torí wọn kì í hun nígbà tí òun kò bá hun.

Ohun tó wá ń dùn mọ́ ọ ni pé láàrin ọjọ́ mẹ́ta, èrò tó wọ ìkànnì rẹ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọkùnrin tó ń bá ọ ṣe ìpolówó ní kí o má tíì yọ fọ́tò náà, kí ojú ọ̀nà má bàa dá. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí bí èrò yóò ṣe máa wá bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi, màá fi sí ìgbẹ̀yìn, torí bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, o ò ní ka ìyókù.

Èkíní, kí o mọ ìyàtọ̀ láàrin èrò àti oníbàárà. Nínú ẹgbẹ̀rún yẹn, ta ló béèrè ọ̀já? O ò sọ, mo sì mọ ìdí tí o kò fi sọ. Nígbà tí mo ṣí ilé fọ́tò mi lójú ọ̀nà Ọ̀kà, èmi nìkan ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní gbogbo ìlà yẹn. Lóṣù àkọ́kọ́, eṣinṣin nìkan ló ń wọlé. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ mi mẹ́fà kí wọ́n wá máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tó ń kọjá lè rò pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ẹ̀pà mi, wọ́n bú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, olùkọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìṣùà, ó fẹ́ ya fọ́tò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ó rí èèyàn mẹ́fà lórí bẹ́ǹṣì, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ bàbá afọ́tò tó wà níwájú. Oníbàárà kan ṣoṣo tí n ó rí lọ́sẹ̀ náà nìyẹn, àwọn èrò tí mo fọwọ́ ara mi kó jọ ló lé e lọ.

Ọkùnrin ìpolówó rẹ ní òun lè bá ọ wá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àbẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Kò sí ọmọ lẹ́yìn wọn tí wọn yóò fi ọ̀já pọ̀n. Iye àwọn tó béèrè ọ̀rọ̀ àti àwọn tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì ni kí o máa kà, kódà bí wọn kò bá ju mẹ́ta lọ lóṣù.

Èkejì ni ibi tí a kọjú pátákó sí. Pátákó mi àkọ́kọ́, mo kọjú rẹ̀ sí àwọn tó ń jáde nílùú. Ó rẹwà lójú mi níbẹ̀, torí oòrùn àárọ̀ máa ń ràn sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ sóko tàbí sí ọjà láàárọ̀ kò lè dúró ya fọ́tò. Ó tó ọdún kan kí n tó yí i sí àwọn tó ń wọ̀lú nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀, tí ara wọn ti balẹ̀. Ìwọ náà, ta ni ó ń ra ọ̀já? Ìyá ọlọ́mọ tuntun ni, àti ìyá àgbà tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó nílẹ̀ òkèèrè, àti ọ̀rẹ́ tó ń wá ẹ̀bùn ìkómọ. Gúrúùpù tí wọ́n ti ń jà lórí oyè àti òṣèlú Ọ̀kà, kí lo ń wá níbẹ̀? Ibi tí àwọn ìyá ti ń bi ara wọn léèrè nípa ọmọ ni kí o lọ jókòó. Kí o kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè wọn fún ìgbà díẹ̀ kí o tó mẹ́nu ba ọjà.

Má sì ké sí apá kan ṣoṣo. Èmi, nítorí pé inú ẹgbẹ́ Àsálátù ni mo wà, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń polówó. Mo wá ń wo ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gba iwájú mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo ń bínú. Ìyàwó kátíkíìsì kan ló là mí lójú. Ó ní, “Ìyá Mọ́ríà, a rò pé ẹ̀yin kì í ya ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.” Ẹnikẹ́ni ò kórìíra mi, n kò sọ fún wọn ni.

Ọ̀rọ̀ ìkànnì fúnra rẹ̀ wá kù. Mo ṣí i lánàá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi níhìn-ín. Mo bó ọsàn kan, mo mu ún tán, kí fọ́tò àkọ́kọ́ tó yọjú. Àwọn fọ́tò rẹ ti wúwo jù. Ọmọ afọ́tò ni ọ́, mo mọ̀ pé o fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo fọ́nrán òwú, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò ní agbára yẹn, ẹni tó sì ń fi ọwọ́ kan gbé ọmọ kò ní dúró dè ọ́. Dín wọn kù. Nígbà tí ó wá ṣí, Gẹ̀ẹ́sì gìrìwò gìrìwò ni mo bá níbẹ̀. Mo kà á, n kò mọ̀ pé ọ̀já ni ò ń tà. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí ayélujára, mo kọ “ọ̀já ìpọnmọ tí wọ́n fọwọ́ hun”, n kò rí ọ. Mo kọ “kíjìpá Àkókó”, n kò rí ọ. O kò kọ ọ́ síbì kankan, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀? Bí ẹni tó ń wá a ṣe ń pè é ni kí o kọ ọ́, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí o kọ Ọ̀kà síbẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì fi ilé yín sórí máàpù, kí ẹni tó bá ń gòkè kọjá lè yà.

Kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí o kọ ni pé kí wọ́n pè ọ́. Èmi kò ní pè ọ́. Ojú máa ń tini láti béèrè iye ọjà kí a tún wá sọ pé a ò rà. Kọ bí yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun, àti ọjọ́ tí yóò gbà. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ pé o kàn fẹ́ sọ fún un pé o ti rí i.

Kí o sì máa fún wọn ní èènì. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó ń ta gààrí ní ọjà Ìkàrẹ́, èènì rẹ̀ ni à ń rántí tí a fi ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá Ọ̀kà mọ bí a ṣe ń fọ kíjìpá kí aró rẹ̀ má ṣí. Ó mọ bí a ṣe ń so ọ̀já kí ọrùn ọmọ tuntun má bàa yẹ̀, àti bí a ṣe ń so ó fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ohun tí àwọn ìyá kéékèèké ń wá kiri nìyí. Kọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wá kọ́ bí a ṣe ń so ó, yóò béèrè ibi tí a ti ń rà á. Kì í yára. Ó lè gba ọdún kan kí o tó rí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ gbogbo ìmọ̀ yìí fún ọ kí o lè kọ ọ́? Màmá Ọ̀kà ni, kò sì bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí.

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀. N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ mi rí.

O rántí àpótí onígíláàsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo máa ń to fọ́tò sí kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ìkànnì tèmi nìyẹn. Kí n tó bí ọ, nígbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin kan wọlé wá ya fọ́tò. Ríṣíkátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìpẹ̀ ni, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìkàrẹ́. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé. Ó jókòó, ó yí ọrùn díẹ̀, mo tẹ ẹ̀rọ. N kò ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì yà á mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo sọ ọ́ di ńlá, mo gbé e sínú àpótí. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Èmi ni mo ya fọ́tò, èmi ni mo ni àpótí, kí ló tún kù?

Èrò wọ́ wá. Wọ́n á dúró síwájú gíláàsì, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, “Bíi ti ọmọ yìí ni kí ẹ yà mí.” Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ ti pọ̀ débi pé mo ń ní kí àwọn mìíràn padà wá lọ́la.

Léèsì náà kì í ṣe ti Ríṣíkátù. Oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ ló gbé e wá fún rírán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an tán ni. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ yọ́ wá ya fọ́tò, ó sì ti dá a padà sórí ìkọ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó ti ọjà dé. Ẹni tó ni léèsì ló gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó rí aṣọ Iléyá rẹ̀ lára ẹlòmíràn kí òun fúnra rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá Ríṣíkátù lé e. Oṣù díẹ̀ ló kù kó gba fúríìdọ̀mù.

Ó wá bá mi. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i.” Mo ní, “Màá yọ ọ́.” Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Iléyá dé. Mo fi fọ́tò náà sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì, torí pé ó ń pe èrò fún mi. Ó tún kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò ó nínú gíláàsì, ó wò mí, ó lọ.

Nígbà tí mo wá a lọ sí Ìpẹ̀, ọdún ti gorí ọdún. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti kú, òun sì ti kúrò nílùú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà dájú. Fọ́tò yẹn ló sọ mí di ẹni tí gbogbo Ìkàrẹ́ mọ̀. Òun ló bọ́ yín, òun ló rán ìwọ náà lọ sílé ìwé. Ó ń dùn mí títí di òní, n kò sì rí ẹni tí n ó bẹ̀.

Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún èrò rẹ kò yà mí lẹ́nu. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí lára, mo sì mọ bí ó ṣe ṣòro tó láti fọwọ́ ara ẹni yọ ohun tó ń pe èrò. Ìwọ ṣì rí ẹni tí o máa bẹ̀. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tìrẹ.

Yọ fọ́tò náà kí o tó ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀kejì. Kí o tọrọ gáfárà ní gbogbo gúrúùpù tí o ti pín in, kí o sọ pé Màmá wà láàyè, kí o sì sọ pé ìwọ lo ṣe àṣìṣe. Kí o wá lọ bá a. Má ṣàlàyé ìkànnì fún un, má sì ka iye èrò sí i létí. Kúnlẹ̀, kí o ní, “Màmá, mo lo ojú yín láì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín.” Lẹ́yìn náà, kí o dákẹ́. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ kí ojú òun hàn níbẹ̀ mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí, aṣọ yóò máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá bínú, gbà á. Bí kò bá fọhùn, jókòó tì í títí yóò fi fọhùn.

Ó sì lè jẹ́ pé yóò kàn dìde, yóò padà lọ jókòó sídìí òfì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yóò sì ti ojú fèrèsé bọ́ sí i lọ́wọ́. Wàá fẹ́ yà á. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀. Fi fóònù sí yàrá rẹ kí o tó lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlámọ́tù.